A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Bí Àwọn Ẹgbẹ́ Òṣèlú Tó Ń Takora Ṣe Ń Jọ Ṣòfin Iná àti Epo

Ayẹyẹ ọdún ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ yìí ló kó wa jọ.

Ohun tí ìgbìmọ̀ elétò ní kí n bá yín sọ ni bí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń takora ṣe lè jọ ṣe òfin iná mànàmáná, epo àti gáàsì fún odidi orílẹ̀-èdè. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí lọ́kàn ni. Kò sí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kì í ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Kò sí aránṣọ, oníwẹ́dà tàbí olótùútù tí kò mọ iye tí iná tó kú lọ́sàn-án ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ń sọ̀rọ̀ iná, ilé iṣẹ́ apínná là ń bú, ààrẹ là ń bú, gómìnà là ń bú. Òfin fúnra rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe kọ ọ́, a kì í sábà dárúkọ.

Èyí ni mo ní í sọ. Ibùdó amúnáwá kan lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó parí rẹ̀, owó tí wọ́n yá láti kọ́ ọ sì lè gba 20 ọdún kí wọ́n tó san án tán. Ọdún 4 péré ni sáà ìjọba. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ fi owó rẹ̀ sínú iṣẹ́ iná kì í wo ẹni tó wà lórí àga lónìí nìkan, ó ń wo ẹni tó lè gba àga náà lọ́la. Bí òfin bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kò lè fọkàn balẹ̀. Ẹni tó lè gba ìjọba lọ́la gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń kọ òfin lónìí. Mi ò sọ níbi tí wọ́n ti ń ka ìbò o. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ni mo wí.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí ìtàn kan wà níbẹ̀ tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere: àbádòfin kan náà, ọkùnrin kan náà ló ṣáájú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó sì di òfin nígbà kejì. Mo fẹ́ ká yẹ ohun tó yípadà láàárín méjèèjì wò.

Òkùnkùn ọdún 2003

Ní ọ̀sán ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, iná kú ní apá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà. Ó tó mílíọ̀nù 50 ènìyàn tó wà nínú òkùnkùn. Ohun tó dá a sílẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ìpínlẹ̀ Ohio, àwọn wáyà iná ńlá gbóná, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kan igi tí ẹnikẹ́ni kò gé. Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó ta àwọn òṣìṣẹ́ lólobó ti dákẹ́. Bí wáyà kan bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹrù rẹ̀ a bọ́ sórí èkejì, èkejì náà a tún já. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Cleveland, Detroit, Toronto àti New York ti kú fọnfọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí afárá Brooklyn lọ sílé, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin kò lè rìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwa náà mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ń sọ lórí rédíò pé wáyà àjọlò orílẹ̀-èdè ti ṣubú, tí Sókótó àti Badagry á jọ wà nínú òkùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí: ní Amẹ́ríkà nígbà náà, àwọn ìlànà wà nílẹ̀ tó sọ bí ilé iṣẹ́ iná ṣe gbọ́dọ̀ tọ́jú wáyà rẹ̀. Kò kàn sí òfin tó lè fi ìyà jẹ ẹni tí kò tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó wù ú ló ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn òkùnkùn ọjọ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjèèjì ibẹ̀, Republican àti Democrat, ló gbà pé kí ìlànà wọ̀nyí di òfin tó ní ìyà nínú. Ẹ ó rò pé láàárín oṣù kan, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi dúró.

Ìdí ni pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ igi àti wáyà sínú àbádòfin ńlá kan tó kó epo, gáàsì, èédú, núkílíà àti àgbàdo pọ̀. Àwọn Republican ló ní ọ̀pọ̀ ìjókòó ní ilé méjèèjì. Sẹ́nétọ̀ Pete Domenici láti New Mexico ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, Billy Tauzin láti Louisiana sì ni akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé àwọn aṣojú. Nígbà tó kan pé kí wọ́n so ẹ̀dà ilé méjèèjì pọ̀, àwọn Republican jókòó, wọ́n kọ ọ́ láàárín ara wọn. Àwọn Democrat tó yẹ kí wọ́n jọ jókòó kò rí nǹkan kan títí tí ìwé náà fi parí. Àwọn baba wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Ní ilé aṣòfin àgbà ti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tó kéré lè fa àríyànjiyàn gùn títí, àyàfi bí 60 nínú àwọn 100 sẹ́nétọ̀ bá dìbò pé ọ̀rọ̀ ti tó. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2003, wọ́n dìbò náà. Ibi tí wọ́n ti nílò 60, 57 ni wọ́n rí. Ìbò mẹ́ta péré ló kù. Gbogbo rẹ̀ ló jọ kú, títí kan ọ̀rọ̀ igi àti wáyà tí kò sí ẹni tó takò ó.

Ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀

Bí mo bá dúró síbí, ẹ ó lérò pé ìjà Republican àti Democrat lásán ni. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó dìbò náà dáadáa.

Àwọn sẹ́nétọ̀ méjèèjì láti New Hampshire, Republican ni wọ́n, wọ́n sì takò ó. Kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń pè ní MTBE, tí wọ́n máa ń pò mọ́ bẹntiróò. Ó ti ń jò wọ inú kànga àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ wọn. Àbádòfin náà fẹ́ dáàbò bo àwọn tó ń ṣe kẹ́míkà náà, kí ẹnikẹ́ni má lè fi ẹ̀sùn àbùkù ọjà kan wọ́n nílé ẹjọ́. Texas àti Louisiana sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é wà. Ní ìhà kejì, Tom Daschle, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn Democrat gan-an ní ilé náà, ṣe àtìlẹ́yìn fún un. Kí ló dé? South Dakota ló ti wá, àgbàdo sì ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn. Àbádòfin náà fẹ́ kí wọ́n máa fi àgbàdo ṣe ẹtanọ́ọ̀lù tí wọ́n ó máa pò mọ́ bẹntiróò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ àti ohun tó ń hù lórí rẹ̀ ló ń pín aṣòfin níyà bí ọ̀rọ̀ bá di ti iná àti epo. Káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan níbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ epo yóò ronú bí ọmọ ilẹ̀ epo, ọmọ ilẹ̀ àgbàdo yóò ronú bí ọmọ ilẹ̀ àgbàdo. Mo ka èyí sí ìròyìn ayọ̀, nítorí pé bí kì í bá ṣe ẹgbẹ́ ló pín wọn níyà, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ kò yẹ kó dí wọn lọ́wọ́ láti jọ jókòó.

Àwa náà rí irú rẹ̀ nílé wa ní 2021, nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin epo rọ̀bì. Ilé àwọn aṣojú fẹ́ kí wọ́n ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa epo, ilé àgbà fẹ́ 3. Nígbà tí ariwo sọ, àwọn aṣòfin gúúsù ló wà ní apá kan, ọ̀pọ̀ àwọn ti àríwá ló wà ní apá kejì, APC àti PDP wà nínú méjèèjì. Ìdá 3 ló wọlé. Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún náà, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ láti 2000, tó sì ti dé iwájú aṣòfin láti 2008.

Ọmọ New Mexico méjì

Ẹ jẹ́ ká padà sí Amẹ́ríkà, sí ọ̀dọ̀ Domenici. Albuquerque ni wọ́n bí i sí. Baba rẹ̀ wá láti Ítálì, ó ń ta oúnjẹ. Ó ti wà ní ilé aṣòfin àgbà láti 1973. Ẹni tó jẹ́ àgbà Democrat nínú ìgbìmọ̀ náà ni Jeff Bingaman, agbẹjọ́rò, ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Silver City, tó ti wà nílé náà láti 1983. New Mexico kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣojú fún. Ìpínlẹ̀ yẹn ní epo àti gáàsì lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n ti wa uranium níbẹ̀ rí, oòrùn rẹ̀ mú, ibẹ̀ sì ni ibùdó ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Los Alamos àti Sandia wà. Kò sí irú agbára kan tí wọ́n lè dárúkọ tí kò kan ará ilé àwọn méjèèjì.

Ohun mìíràn tún wà. Láti 2001 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2003, nígbà tí àwọn Democrat ní ọ̀pọ̀ ìjókòó, Bingaman gan-an ni alága ìgbìmọ̀ yìí. Àwọn méjèèjì ti jókòó sórí àga náà, wọ́n sì ti dìde níbẹ̀. Ẹni tó bá ti dìde lórí àga rí mọ bí ó ti ń rí.

Nígbà tí ọdún 2005 dé, Domenici kò tún gba ọ̀nà àná. Ó pe Bingaman. Àwọn òṣìṣẹ́ àwọn méjèèjì jọ kọ àbádòfin. Ìgbìmọ̀ jókòó ní gbangba, wọ́n ń yẹ ìlà òfin wò lọ́kọ̀ọ̀kan, Democrat ń mú àtúnṣe wá, Republican ń mú tirẹ̀ wá, wọ́n ń gba òmíràn, wọ́n ń kọ òmíràn. Ní oṣù Kárùn-ún, ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí i, 21 sí 1. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, odidi ilé dìbò, 85 sí 12. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Àwọn ọkùnrin kan náà ni, orílẹ̀-èdè kan náà ni, ààrẹ kan náà ni, George W. Bush. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ ló yàtọ̀.

Ní ilé àwọn aṣojú, Joe Barton láti Texas ló ti gba ipò Tauzin. Ní oṣù Keje, òun ló darí ìpàdé tí ilé méjèèjì fi so ẹ̀dà wọn pọ̀. John Dingell láti Michigan, Democrat tó ti wà nílé náà láti 1955, jókòó síbẹ̀. Bingaman náà jókòó síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn Democrat ní 2003 ni wọ́n ti fún wọn ní àga.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin aṣòfin àárín wa fi ọkàn bá lọ. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Àwọn ará ilé aṣojú fẹ́ kí wọ́n wa epo ní ilẹ̀ ìpamọ́ àwọn ẹranko igbó ní Alaska. Wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ ààbò fún àwọn tó ń ṣe MTBE, ohun tó dá wàhálà 2003 sílẹ̀. Wọ́n fi ìyẹn náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Texas ni Barton ti wá. Bingaman ní tirẹ̀ ti jà títí tí ilé àgbà fi gbà pé kí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí àwọn ilé iṣẹ́ ń tà máa wá láti inú oòrùn, afẹ́fẹ́ àti irú wọn tó bá fi máa di 2020. Domenici kò fẹ́ ẹ, ilé aṣojú kò fẹ́ ẹ. Bingaman fi sílẹ̀. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó dìbò fún òfin náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, ilé aṣojú fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìbò 275 sí 156. Lọ́jọ́ kejì, ilé àgbà fọwọ́ sí i, 74 sí 26. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2005, Bush buwọ́ lù ú ní ibùdó Sandia ní Albuquerque, ìlú Domenici.

Ohun tí òfin náà ṣe, àti àbùkù rẹ̀

Ìlànà ìtọ́jú wáyà di dandan, ìyà sì wà fún ẹni tó bá rú u. Òfin náà jẹ́ kí ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ oòrùn sórí òrùlé rẹ̀ máa rí ẹ̀dínwó owó orí tó tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ná, bẹ̀rẹ̀ láti 2006, kí ẹ̀dínwó náà tó dópin ní ìparí 2025. Ìjọba di onídùúró fún ẹni tó bá fẹ́ yá owó kọ́ ibùdó núkílíà. Abẹ́ ètò yìí ni wọ́n ti ṣe onídùúró fún Vogtle ní ìpínlẹ̀ Georgia, tí ẹ̀rọ rẹ̀ tuntun méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 àti 2024. Ẹ wo iye ọdún tó wà láàárín. Bush ti lọ, Obama wá, ó lọ, Trump wá, ó lọ, Biden wà lórí àga kí iná tó tàn níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń fa òfin ẹgbẹ́ kejì ya bí wọ́n ti ń dé, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè parí láé.

Òfin yìí kan náà ló yí àkókò aago padà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Houston tàbí Chicago, ẹ mọ̀ pé wákàtí 7 tó wà láàárín wa àti wọn máa ń di 6 ní oṣù Kẹta. Oṣù Kẹrin ló ti máa ń yí tẹ́lẹ̀. Òfin 2005 ló fà á wá sí oṣù Kẹta láti 2007, kí wọ́n lè lo ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ sí i.

Nígbà tí àwọn Democrat gba ilé padà ní 2007, Bingaman di alága lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò wó iṣẹ́ náà. Òfin mìíràn ni wọ́n gbé kà á lórí ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Bush náà ló sì buwọ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tan yín jẹ. Òfin tí ẹgbẹ́ méjì jọ ṣe lè ní májèlé nínú. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà wa gáàsì, tí wọ́n máa ń fi omi tí wọ́n pò mọ́ kẹ́míkà fọ́ àpáta abẹ́ ilẹ̀. Òfin 2005 yọ iṣẹ́ yìí kúrò lábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo omi mímu, àyàfi bí wọ́n bá lo epo dísẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀. Àwọn tó ń mu omi kànga nítòsí ibi iṣẹ́ gáàsì ti ń ké láti ìgbà náà. Nílé àgbà, Hillary Clinton dìbò takò òfin náà, John McCain láti ẹgbẹ́ kejì takò ó, Barack Obama sì dìbò fún un. Ní 2008, Clinton fi ìbò yẹn ta ko Obama nígbà ìpolongo.

Ìdájọ́ tèmi ni pé ẹgbẹ́ méjèèjì wà níbi tí wọ́n ti ń fá orí náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni kànga kò sí níbẹ̀. Àdéhùn láàárín ẹgbẹ́ kò tó. Bí àwọn aṣòfin méjèèjì bá jọ rẹ́rìn-ín níwájú kámẹ́rà, ẹ béèrè ta ni kò sí nínú yàrá.

Nílé wa

Ọdún 2005 yẹn gan-an, ní oṣù Kẹta, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ buwọ́ lu òfin tó sọ ilé iṣẹ́ iná ìjọba, NEPA, di PHCN, tó sì dá NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, sílẹ̀. Ní 2013, lábẹ́ Ààrẹ Goodluck Jonathan, wọ́n fa àwọn ilé iṣẹ́ apínná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ṣì so ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀: wọ́n lè ṣòfin lórí iná ní kìkì ibi tí wáyà àjọlò orílẹ̀-èdè kò bá dé.

Èkó ló kọ́kọ́ fi orí kan ògiri yìí. Ní 1999, ìjọba Bọ́lá Ahmed Tinúbú, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ AD, bá ilé iṣẹ́ Enron ti Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn pé kó fi ẹ̀rọ orí omi mú iná wá. Ìjọba àpapọ̀, tó jẹ́ ti PDP, dá àdéhùn náà dúró, wọ́n tún un ṣe, ilé iṣẹ́ AES ló sì gbà á lọ́wọ́ Enron lẹ́yìn náà. Iná náà wọ orí wáyà àjọlò. Kò di ti Èkó mọ́.

Ó gba ọdún tó lé ní 20 kí wọ́n tó tú okùn náà. Láti yí ìwé òfin orílẹ̀-èdè padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì tún fọwọ́ sí i. Ní 2022, ìpínlẹ̀ tí APC ń ṣàkóso kò tó 24. Láìsí àwọn ilé tí PDP ń darí, kò lè ṣeé ṣe. Wọ́n jọ ṣe é, Ààrẹ Buhari sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2023.

Ẹ wo òfin iná mànàmáná tó tẹ̀ lé e. APC ló ni ọ̀pọ̀ ìjókòó ní ilé àgbà, Ahmad Lawan sì ni olórí ilé nígbà náà. Síbẹ̀, Gabriel Suswam, gómìnà Benue tẹ́lẹ̀, ọmọ PDP, ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iná, òun náà ló gbé àbádòfin náà wá. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba gbà kí alátakò kọ òfin tó ṣe pàtàkì tó báyìí. Mo fẹ́ kí a yìn wọ́n fún èyí ní gbangba, nítorí a mọ bí a ṣe ń bú aṣòfin wa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Tinúbú tí wọ́n dá iná rẹ̀ dúró ní Èkó ló buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ààrẹ.

Lára àwọn tí NERC kọ́kọ́ fa àkóso iná lé lọ́wọ́ ní 2024 ni Èkìtì àti Oǹdó, tí APC ń darí, àti Enugu, tó jẹ́ ti PDP nígbà náà. Ọ̀yọ́ àti Èkó náà ti tọ ọ̀nà kan náà. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àjọ Enugu ní kí wọ́n dín owó iná àwọn tó ń gba iná jù lọ kù láti bíi 209 náírà sí 160. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Àbújá, nítorí orí wáyà àjọlò ni iná tí Enugu ń pín ti ń wá, ẹni tí yóò san ìyókù kò sì tíì hàn nígbà náà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilé iṣẹ́ apínná Ìbàdàn kan ṣoṣo ló ń pín iná fún Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Kwara àti apá kan Èkìtì. Ti Benin ló ń pín fún Oǹdó àti ìyókù Èkìtì pẹ̀lú Edo àti Delta. Wáyà kò mọ ibi tí APC parí sí tí ẹgbẹ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀, tó ń dá iye owó tirẹ̀ lé, tí kò bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò nítorí pé ẹgbẹ́ wọn yàtọ̀, ará Ìkirè àti ará Àsẹ́jìrẹ́ á máa san owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún iná tó gba orí òpó kan náà wá. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

A kò sì lè sọ pé a kò mọ bí a ti ń ṣe é. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fà, ti APC àti ti PDP, kóra jọ ní Ìbàdàn, wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ní Àbújá pé kò bófin mu, àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kò jà pẹ̀lú ẹnu. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣòfin, kí oṣù díẹ̀ tó kọjá. Bí ẹ̀rù ajínigbé ṣe lè mú wa jókòó pọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí òkùnkùn náà mú wa jókòó.

Ẹ̀yin aṣòfin tó wà láàárín wa, ẹ pe ìgbìmọ̀ iná ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ, kí ọmọ ẹgbẹ́ alátakò wà lára àwọn tó ń kọ ìlà òfin, kí ẹ sì fi àga sílẹ̀ fún ìyálọ́jà, fún àwọn aránṣọ, fún ẹni tí tiransifọ́mà àdúgbò rẹ̀ ti bàjẹ́ tí wọ́n ń dáwó láti tún un ṣe. Ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún. Ẹ̀yin olùdìbò, nígbà tí aṣojú yín bá padà wálé wá ṣèpàdé, ẹ má bi í léèrè iye àbádòfin tó gbé wá nìkan. Ẹ bi í pé èwo nínú wọn ni òun àti ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ kọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ ka òfin iná mànàmáná ti 2023. Ẹ̀yin náà ló máa gbé lábẹ́ rẹ̀ pẹ́ jù.